Àáró Húsnà Lóko Kajú

                                        Manigri,
                                        Bassila, Benin.
                                        Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Kejì, 2025.

Àsùmáù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Bassila? Kamarou ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń yọ ìyá lẹ́nu ti ń lọ sílẹ̀? Ara tiwa le, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀. Bí mo bá kọ ìlà kan, màá tún dìde lọ wo ojú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ Húsnà ọmọ mi ni. Láti ìgbà tí a ti kó dé láti Kútọnu, kò lọ́rẹ̀ẹ́ kankan. Mo ra bọ́nbọ́n fún àwọn ọmọ àdúgbò kí wọ́n lè bá a ṣeré. Wọ́n lá bọ́nbọ́n tán, wọ́n bá tiwọn lọ. Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí were.

Nígbà tí kajú bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́, Moutiatou, ọmọ ilé kejì, kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá, wọ́n ní àwọn gba Húsnà sínú àáró àwọn. Wọ́n bá a ṣa kajú oko wa tán pátápátá. Inú mi dùn débi pé mo gúnyán fún wọn. Àmọ́ nígbà tó kan oko bàbá Moutiatou, mo rántí bí oje kajú ṣe máa ń bó awọ ọwọ́, mo bá gba alágbàṣe kan, mo ní kó lọ ṣa á dípò ọmọ mi. Mo rò pé mo gbọ́n ni.

Wọ́n dá ọkùnrin náà padà. Moutiatou fúnra rẹ̀ wá kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Ìyá Húsnà, ẹ dákun, Húsnà la jọ ń dá àáró, kì í ṣe bàbá yìí. Bí kò bá fẹ́ bá wa ṣe mọ́, kó sọ fún wa." Ojú tì mí gan-an. Húsnà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì bínú lọ sùn láìjẹun.

Láàárọ̀ yìí, kí n tó jí, ó ti gbé agbọ̀n, ó ti lọ bá wọn lóko. Oòrùn ti kan àtàrí báyìí, n kò tíì rí wọn. Ṣé wọ́n gbà á? Àbí ó dá jókòó sábẹ́ igi kan? Mo wọ bàtà kí n lọ wò ó, mo tún bọ́ ọ. Bí mo bá lọ, mo tún bà á jẹ́ nìyẹn.

Dúró ná, mò ń gbọ́ ohùn wọn. Ti Húsnà ló ga jù. Ó ń bá Moutiatou jiyàn pé agbọ̀n òun ló kún jù, Moutiatou ní irọ́ ni. Húsnà ní ó di ọ̀la lóko bàbá Salamatou, ọmọ ẹgbẹ́ àáró wọn, kí àwọn wò ó. Àsùmáù, ọmọ mi ti rí ẹni bá jà, omi sì ń bọ́ lójú mi.

Bá mi kí ìyá àti gbogbo ilé. Wọ́n ti wọlé, gbogbo wọn ni.

Èmi tí mo jẹ́ tìrẹ tọkàntọkàn,
Lamatou