Oko Ìyá Mi Tó Wà Láàárín

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹwàá, 2016

Bàtà-Dídán tún wá lónìí. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí. Ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò baálẹ̀, bàtà rẹ̀ ń kọ yẹ̀rì. Lusaka ló ti wá. Sóyà ló fẹ́ gbìn, láti etí odò títí dé ìdí òkè, ó sì fẹ́ kí abúlé fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún òun. Oko mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Oníoko méje ti gbà. Èmi ni ìkẹjọ, oko tèmi ló sì wà láàárín gbùngbùn, bí ìdodo.

Ó ní òun á gbé ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo wá fún wa. Zelipa, ọ̀kan nínú àwọn méje náà, jó. Mi ò dá a lẹ́bi. Ìrìn wákàtí mẹ́ta la fi ń dé ibi ẹ̀rọ tó sún mọ́ wa jù, tàwa ti àgbàdo lórí. Ọrùn mi mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n oko yìí — ìyá mi ló fi lé mi lọ́wọ́, ìyá tirẹ̀ ló fi lé òun náà lọ́wọ́. Malita ọmọ mi ni ìbá kàn. Malita ti kú. Falesi ọmọ rẹ̀ ló kù, oyún oṣù méje sì wà nínú rẹ̀. Níbi tiwa, ọkọ ló ń wá gbé lọ́dọ̀ ìyàwó. Bí ìyàwó ò bá nílẹ̀, kí ni ọkọ fẹ́ wá ro?

Ọjọ́rú, 5

Yelesani wá. Àbúrò mi ọkùnrin ni, ṣùgbọ́n òun ni nkhoswe wa, ẹnu ilé ìyá wa. Ohun yòówù tí àwa obìnrin ilé bá ní í sọ níwájú ọba, òun ló ń bá wa sọ ọ́. Ó jẹ nsima mi, òkèlè ìyẹ̀fun àgbàdo. Ó jẹ ewé elégédé tí mo fi ẹ̀pà sè. Ó lá ọwọ́. Ìgbà yẹn ló wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti sọ fún wọn pé ẹ gbà."

Mo ní ìgbà wo ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

"Ṣé ó dìgbà tẹ́ ẹ bá sọ ọ́? Ṣebí èmi lẹnu yín."

Mo ní ẹnu tèmi kì í jẹun kí ikùn mi má mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Kẹ̀kẹ́ tuntun ló gùn lọ. Mi ò bi í ibi tó ti rí i. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Zelipa bá mi lódò. Kò kí mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Ìwé dé. Wọ́n kó gbogbo wa jọ. Nínú àwa obìnrin tó lóko níbẹ̀, èmi nìkan ni mo mọ̀wé. Ọdún méjì ni mo fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì kíláàsì àwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, orúnkún mi ń ké, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ na ìwé náà sí mi níwájú gbogbo wọn. Orí mi wú.

Mo kà á. Mo tún un kà. Ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ni ilẹ̀ á fi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ — kò sí. Mo wá a lókè, mo wá a nísàlẹ̀. Mo sọ fún wọn.

Zelipa ló kọ́kọ́ lanu. "Tíṣà, ibi tí ẹ̀rọ wà lẹ ò kà."

Mo ní kó wá fi hàn mí.

"Èmi tí mi ò mọ A? Oko yín lẹ fẹ́ gbà là tẹ́ ẹ fi ń fojú fo ọ̀rọ̀."

Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Mo ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Zelipa ní kí n lọ fi àwọn òwe yẹn se ọbẹ̀, kí àwọn wò ó bóyá á yọ̀. Àwọn méje tẹ àtàǹpàkò sínú yíǹkì, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ síwèé.

Ẹ̀bi mi wà níbẹ̀. Jẹ́ kí n kọ ọ́, nígbà tó jẹ́ ìwọ ìwé nìkan ló rí i. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀wé ni mo ti ń kà á sí wọn létí. Àpò ajílẹ̀. Páálí ọṣẹ. Mo tún Bíbélì kà mọ́ alàgbà lẹ́nu níwájú ìjọ. Mo ti sú wọn tipẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi àti Falesi nìkan la jókòó lórí bẹ́ǹṣì wa. Ọlọ́run ṣeun, ikùn rẹ̀ gba àyè èèyàn méjì.

Ọjọ́rú, 12

Àwọn èèyàn Bàtà-Dídán ti ri èèkàn sínú oko mi. Èèkàn mẹ́rìnlá, aṣọ pupa lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Jailosi ọkọ Falesi bínú, ó fà wọ́n tu. Mo ní kó dá wọn padà. Àlejò ni ọkọ nílé ìyàwó, kì í dá sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Wọ́n lè torí ìyẹn lé e lọ. Ó ń rì wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Màmá, ṣé kí n kúkú máa di ẹrù mi ni?"

Mo mú òkúta, mo bá a kan èèkàn kan mọ́lẹ̀. Èmi, tí mo ni oko.

Ọjọ́ Ajé, 17

Ààfin ọba, torí láìsí àṣẹ ọba, ìwé ilẹ̀ ò múlẹ̀. Jẹ́ kí n rọra kọ ọ́.

A kúnlẹ̀, a ń pàtẹ́wọ́ jẹ́jẹ́. Yelesani ló wà níwájú, àwa obìnrin ilé wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Kábíyèsí, ilé wa gbà."

Mo dìde. Mo kúrò lẹ́yìn rẹ̀, mo lọ dá jókòó sórí ilẹ̀ lásán. Obìnrin tó bá kúrò lẹ́yìn nkhoswe rẹ̀ níwájú ọba ti sọ pé ohùn òun kò sí lẹ́nu onítọ̀hún mọ́. Mi ò rí ẹni tó ṣe é rí. Ìyá mi sọ fún mi pé wọ́n ń ṣe é, ni. Yelesani ò bojú wẹ̀yìn. Mo rí ọrùn rẹ̀ tó le gbagidi.

Ọba ní, "Ta ni yóò wá bá ọ sọ̀rọ̀ báyìí, ìyá?"

Mo ní, "Ìwé tí baálẹ̀ mú wá fún yín yìí náà ni, Kábíyèsí." Mo kà á. Ọba ní kí akọ̀wé ààfin gbà á, kó tún un kà. Bí mo ṣe kà á ló kà á. Mo rí Zelipa tó fọwọ́ bo ẹnu.

Ọba bi Bàtà-Dídán pé ẹ̀rọ ńkọ́. Ó ní àdéhùn ẹnu lásán ni, láàárín òun àti àwọn màmá. Ọba fa ìwé náà ya, ó ní kó lọ kọ òmíràn, kó kọ ọ́ pé.

Ó yẹ kí n dákẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú wà lára mi, ara mi sì yá gágá. Mo là á mọ́lẹ̀: "Bí ẹ̀rọ bá wọnú ìwé, tí ọdún ẹ̀ ò sì ju ọgbọ̀n lọ, èmi gan-an ni mo máa kọ́kọ́ fọwọ́ sí i!" Wọ́n hó yèè. Wọ́n sìn mí dé ilé, àfi bí ìyàwó.

Ilé ni mo dé kí n tó gbọ́ ohun tí mo sọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Falesi ní, "Ìyá Àgbà, ṣé ẹ ti fi oko náà sílẹ̀ fún wọn nìyẹn?" Mo ní rárá, ọkùnrin yẹn ò lè kọ ọ́. Àwọn bíi tirẹ̀ kì í kọ ìlérí sílẹ̀. Ojúkòkòrò rẹ̀ ni mo gbójú lé.

Yelesani gun kẹ̀kẹ́ kọjá. Kò yà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29

Kò tíì wá. Ó ti tó ọjọ́ méjìlá. Mo ti ń kó ẹ̀pà tí mo fẹ́ gbìn sílẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Kọkànlá

Ó wá. Ó kọ ọ́.

Wọ́n fún mi ní ìwé. Akọ̀wé ààfin ò sí níbẹ̀. Baálẹ̀ ti gbàgbé dígí ojú rẹ̀ sílé, ó ní kí n ṣáà kà á. Mo kọ́kọ́ fojú kà á. Ẹ̀rọ wà níbẹ̀, kó tó di ìkórè. Ọgbọ̀n ọdún. Ọmọ abúlé ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà síṣẹ́. Mi ò rí ibì kan tí mo lè fi ṣe àríwísí.

Zelipa rọra ní, "Ẹ kà á, Tíṣà. Ohun tẹ́ ẹ bá ti ní ó wà níbẹ̀ la máa gbà."

Ó sàn kó bú mi. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo nílò. Kí n ṣáà ní ẹ̀rọ ò sí níbẹ̀. Wọn á lé ọkùnrin yìí lọ, oko á kù fún mi. Mo wo Falesi. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ikùn. Òógùn ń já bọ́ sórí ìwé.

Mo kà á bó ṣe wà.

Wọ́n jó. Zelipa dì mọ́ mi, ó ń sunkún. Bàtà-Dídán na bírò sí mi. Mo ní kó dúró. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, ilẹ̀ á padà fún "abúlé". Mo ní abúlé kọ́ ló bí mi. Mo kọ ọ́ sí etí ìwé pẹ̀lú ọwọ́ ara mi: Falesi, ọmọ Malita, ọmọ Dailesi. Èmi ni Dailesi.

"Màmá, a kì í kọ nǹkan sí etí ìwé."

Mo ní bí a kì í bá kọ ọ́, mi ò ní fọwọ́ sí i nìyẹn. Ó wo baálẹ̀. Baálẹ̀ wo ilẹ̀. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn Yelesani lẹ́yìn èrò, Yelesani tí kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ààfin: "Ẹnu ilé wa ti sọ̀rọ̀, ọ̀gá. Ẹ fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ọmọ wa."

Ó fọwọ́ sí i. Èmi náà fọwọ́ sí i. Zelipa bá sún mọ́ mi, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá òun kọ ti ọmọ òun náà. Òmíràn tún wá. Àwọn méjèèje tò sẹ́yìn mi. Mo kọ ọ́ títí etí ìwé fi kún, mo ṣí i sẹ́yìn.

Ọjọ́ Ẹtì, 11

Baálẹ̀ fún wa nílẹ̀ igbó lẹ́yìn òkè. Ó jìnnà. Gbogbo rẹ̀ kìkì kùkùté. Jailosi ti lọ pọ́n àáké. Kò dárúkọ ẹrù mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 17

Òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí. Òórùn ilẹ̀ ló jí mi. Mo dìde, mo so ìró mi le, mo kó ẹ̀pà sínú igbá, mo gbé ọkọ́ léjìká. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà oko ìyá mi kí n tó rántí pé mo ti fọwọ́ sí i.

Mo dúró síbẹ̀. Òjò ń pa mí.