Ìyàwó Onírun Tí O Fi Sílẹ̀ Lọ́dọ̀ Mi

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ìlera, kí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ bébà yín má sì ṣe ọ́ ní jàǹbá. Èmi náà ń bẹ láàyè, àfi ẹsẹ̀ tí mo fi ń tẹ máṣíìnì ìránṣọ tó ń dùn mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní parọ́ fún ọ, ọkàn mi kò balẹ̀ rárá.

Ìyàwó ni. Èmi ni mo sọ aláǹtakùn ńlá tí ò ń sìn lórúkọ yẹn, nítorí òun nìkan lo máa ń jókòó tì nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń wá ọmọge kiri. Mo ní irú ìyàwó wo lèyí, ẹsẹ̀ mẹ́jọ, irun jákèjádò ara, kò sì lè bá mi gbálẹ̀! O rẹ́rìn-ín títí lọ́jọ́ náà. Ó ti pẹ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ gbẹ̀yìn.

Nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀, àánú rẹ̀ ṣe mí nínú àpótí gíláàsì yẹn. Mo bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí mo ti ń lọ aṣọ, kí ooru áyọ́ọ̀nù lè máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Aránṣọ ni mí, kò sí ohun tó hunjọ tí áyọ́ọ̀nù kì í bá mi tún ṣe. N kò mọ̀ pé ooru náà ń fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Nígbà tó kọ oúnjẹ, tí ikùn rẹ̀ dúdú, mo rántí ohun tí o kọ́ mi, mo ní ó fẹ́ bọ́ awọ àtijọ́ kí tuntun lè yọ. Inú mi tilẹ̀ ń dùn.

Lánàá, ó dojú sókè gbalaja. Oníbàárà kan tó wá dán ṣòkòtò wò pariwo pé ó ti kú, ó sì gbé rúlà mi láti fi yí i padà. Mo gbá a lọ́wọ́! Mo ní, “Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, ó ń bọ́ṣọ ni.” Ìwọ lo kìlọ̀ fún mi pé, “Màámi, tó bá dojú sókè, ẹ má fọwọ́ kàn án o.” Mo jókòó tì í. Awọ là, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ dúró. Ẹsẹ̀ méjì há sínú awọ àtijọ́, bí apá ọmọdé ṣe ń há sínú ẹ̀wù tó ti kéré jù fún un.

Sísọ́ọ̀sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọwọ́ sì ń yún mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí kí n má lọ gé ẹran ara rẹ̀. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ kán omi sí ibi tó há. Mo sáré pe dókítà ẹran. Ó yọjú wò ó, ó fà sẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà, ó ní ajá àti ewúrẹ́ lòun mọ̀, pé kí n ṣáà máa fomi rin ín. Omi ti pọ̀ ju ọkà lọ.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ń pa mí lẹ́kún. Láti ọjọ́ tí a ti jà nítorí pé o kò fẹ́ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, o kì í gbé fóònù mi. Lẹ́tà nìkan lò ń kọ, Ìyàwó nìkan lo sì ń béèrè: ṣé ó jẹun, ṣé omi rẹ̀ mọ́? Mo máa ń dáhùn bí ẹni pé èmi lo béèrè. Tó bá kú, kí ni wàá tún kọ̀wé sí mi fún?

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ lọ, kó máa ṣọ́ ọ bọ̀. Kí iṣẹ́ tí o fọwọ́ ara rẹ yàn tù ọ́ lára. Tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ, ìyakọ Ìyàwó.

Àfikún: Mo ti lẹ lẹ́tà yìí tán kí n tó tún un ṣí. Ìyàwó kú láàárọ̀ yìí. Ẹsẹ̀ kan yọ, èkejì kò yọ. Mo fi ègé aṣọ tó rọ̀ jù nínú ṣọ́ọ̀bù dì í. Ọmọ mi, ẹsẹ̀ mi ṣì ń dùn mí. Bí o bá ń wá ohun tí wàá béèrè, jọ̀wọ́, béèrè ẹsẹ̀ mi.