Kí Ẹ Tó Pa Ẹ́ńjìnnì

Sí bàbá mi, tó sùn sí Ìkẹ́rẹ́,

Ọkọ̀ yín ti dé Òkòkòmáíkò. Àbúrò yín ló wà á wá fún mi, bí ẹ ṣe ní kó di tèmi lẹ́yìn yín. Abẹ́ igi máńgòrò ni mo ń gbé e sí nínú ọgbà ilé tí mo ti gba yàrá. Ọ̀dà pupa rẹ̀ ti ṣá bí ata gbígbẹ. Ẹ mọ̀ pé n kì í lè sọ̀rọ̀ láàárín èèyàn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá onílé wò mí títí, wọ́n ní: “Ìwọ ọmọ yìí, ìkíni rẹ kì í kọjá etí ara rẹ, ọkọ̀ rẹ wá ń ké bíi kìnnìún.” Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó tún bá mi sọ̀rọ̀ tó gùn tó yẹn.

Mo ti rò pé màá máa fi sáré lọ sí yunifásítì. Àṣé ihò ọ̀nà Ìbà ń dúró dè mí. Ikùn ọkọ̀ náà ń ha ilẹ̀, ó sì ń mu epo bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu ààwẹ̀. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń lọ kíláàsì lọ́pọ̀ ọjọ́. Nígbà tí fáànù tó ń fẹ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bàjẹ́, ti ọkọ̀ mìíràn ni mẹkáníìkì bá mi rí, wọ́n sì rẹ́ ẹ kó tó wọlé. N kò tí ì wà á dé ìdajì eré tí wọ́n kọ sójú aago rẹ̀. Kò dùn mí mọ́. Ẹni tó jogún àgbà ẹṣin, kó má retí eré ìgbà èwe rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Màmá ní kí n tà á, ọkùnrin kan tó ń ta rédíò ní Ọjà Àlàbá sì ti fẹ́ rà á. Ẹ mọ ìdí tí Màmá fi kórìíra rẹ̀? Ní ìrọ̀lẹ́, bí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ ó jókòó sínú rẹ̀ níwájú ilé, ẹ́ńjìnnì ó máa dún, oúnjẹ ó máa tutù. Màmá á ní: “Bàbá yín ò tíì fẹ́ rí wa.” Wọ́n kọ́kọ́ máa ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá sọ ọ́. Nígbà tó yá, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Èmi a máa yọjú wò yín lẹ́yìn kọ́tìnì, ọwọ́ yín lórí ìdarí ọkọ̀, ẹ ò wo ibì kankan. Èmi náà gba ọ̀rọ̀ Màmá gbọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà á ti Ìjanikin dé ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Múfú, mẹkáníìkì tó ń tún un ṣe ní Ìbà. Bí mo ṣe dúró ni mo pa á. Wọ́n fọwọ́ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì.

“Àbúrò, ṣé o fẹ́ pa ọkọ̀ yìí dànù ni? Tọ́bò ẹ̀, èyí tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, ṣì gbóná. Tó o bá sáré dé, jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ díẹ̀, kó mí, kó tutù, kó o tó pa á. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ò sọ fún ẹ?”

Mo rántí yín níwájú ilé ní ìrọ̀lẹ́.

Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa? Gbólóhùn kan ì bá tó Màmá. Àbí ẹ sọ ọ́, tí a ò gbọ́ nítorí ariwo rẹ̀? Àbí ẹ́ńjìnnì nìkan kọ́ ló ń tutù nínú ọkọ̀ yẹn? N kò rántí ọjọ́ kan tí ẹ gbé ìbínú ibi iṣẹ́ wọlé. Ohun tí ẹ kọ́kọ́ máa ń béèrè ni bóyá a ti jẹun.

Mo ti ní kí ọkùnrin Àlàbá náà ṣe sùúrù. Tí a bá gba ìsinmi, màá rọra wà á wá sílé. Bí kò bá gbé mi dé, n kò ní bá a jà, màá wọ bọ́ọ̀sì parí ìrìn náà. Bó bá gbé mi dé, n kò ní tètè pa á lẹ́nu ọ̀nà. Màá pe Màmá kí wọ́n wá jókòó tì mí, kí àwa méjèèjì jọ dúró títí yóò fi mí tán. Lẹ́yìn náà, bí wọ́n bá ṣì ní kí n tà á, màá fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, lẹ́yìn kọ́tìnì.