Eré Òyìnbó Tó Dá Àdìjátù Padà Sílé

Àwáwù àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ. Ara Ìyá ti ń yá, iṣu wa sì tà dáadáa.

Kásẹ́ẹ̀tì eré tó o gbà sílẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n Lọ́ńdọ̀nù ti dé. Èmi nìkan ni mo ní fídíò ládùúgbò wa ní Ṣakí, ilé mi kún dẹ́nu ọ̀nà. Tíṣà kan ló ń túmọ̀ ẹ̀ fún wa. Nígbà tí ìyàwó òyìnbó inú eré náà kó ẹrù ẹ̀ jáde nílé ọkọ, mo ní ọkọ ló jàre.

Bàbá Ràmọ́nì, àgbà àdúgbò wa, ní, "Ṣé òyìnbó yìí ò lẹ́bí ni? Látìgbà tíyàwó ẹ̀ ti lọ, ẹnì kan ò lọ bẹ àna."

Gbogbo ilé kọjú sí mi, torí Àdìjátù ìyàwó mi ti bínú lọ, ó ti lo oṣù méjì nílé bàbá ẹ̀ ní Tẹ̀dé, n ò sì lọ bẹ̀ ẹ́.

Ìyá ní, "Ládòkun, ìwọ lẹ́bí o."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì la gbé obì lọ. Èmi tí mo kọ́ ilé alájà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àna mi. Àdìjátù ti padà.

O ṣeun, àbúrò mi. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ilé tìẹ náà tú. Tó o bá mọ àwọn tó ń ṣe eré yẹn, bá wa sọ fún wọn kí wọ́n jẹ́ kí ọkùnrin yẹn lọ bẹ àna ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ládòkun