Màámi, Kí Lẹ Sọ Sí Dèjì Létí?

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú àfẹ́kù wa, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Èmi Bọ́sẹ̀ ọmọ yín ni mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìbàdàn. Mo kí Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá wa, mo kí ìyàwó wọn àtàwọn ọmọ. Mo kí Ìyá Àgbà tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, kí ẹ sọ fún wọn pé mi ò tíì gbàgbé aṣọ òtútù tí mo ṣèlérí. Ṣé ara yín le? Màámi, ìbéèrè yẹn kì í ṣe ìkíni ẹnu lásán lónìí. Mo fẹ́ kí ẹ dáhùn rẹ̀ ná kí ẹ tó ka èyí tó kù. Ṣé ara yín le?

Ẹ má bínú pé mo gbé ọ̀rọ̀ ilé síta. Bàbá Ràfíù, dẹ́rẹ́bà tó máa ń bá wa kó ẹrù láti Ìwó Road lọ sí Ìkàrẹ́, ni mo fún ní ẹ̀dà àkọ́kọ́ lẹ́tà yìí. Ṣùgbọ́n epo ò sí. Ọkọ̀ rẹ̀ ṣì wà lórí ìlà nílé epo, òun fúnra rẹ̀ ń sùn sínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi bẹ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú wa níbí pé kó bá mi tẹ ẹ̀dà kejì sínú ìwé ìròyìn wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá kọ́kọ́ rọ́nà lọ sílé, mo bẹ̀ ẹ́ ní orúkọ Ọlọ́run, kó yà sílé wa lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kó fi lé Màámi lọ́wọ́. Bí gbogbo ìlú bá bá wa kà á, kí wọ́n kà á. Ojú kì í ti ẹni tí iná ń jó aṣọ rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Dèjì fẹ́ wálé. Àbíkẹ́yìn yín fẹ́ fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Jámánì sílẹ̀, kó wọ bàlúù lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀, ìwé tó fi ń gbé ìlú wọn wà lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n ń tún un ṣe. Tó bá fi jáde kí wọ́n tó lù ú ní òǹtẹ̀, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé mọ́, ìdánwò àṣekágbá tó ti ń kàwé sí láti ọjọ́ yìí á sì wọmi. Ìdí tó fi fẹ́ wá ni pé ó gbà pé ẹ ti kú. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹnu mi kọ́ ló ti jáde, Màámi, ọ̀rọ̀ Dèjì ni mo ń sọ. Ẹ jókòó, ẹ fẹ̀yìn ti nǹkan, kí n tò ó fún yín.

Ẹ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Màdáàmù ní Bódìjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí a ti ń tẹ̀wé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Agbowó, tí a sì ń jẹ́ kí ènìyàn lo íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ṣàlàyé í-meèlì fún yín nígbà Àjíǹde, ẹ ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Dèjì á tẹ lẹ́tà lọ́hùn-ún, á gba orí wáyà tẹlifóònù, á lọ jókòó sínú àpótí mi ní ilé lẹ́tà kan báyìí tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èmi á ṣí àpótí náà níbí, màá kà á, màá sì fèsì. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí a fi ń gbúròó ara wa nìyẹn, torí tẹlifóònù ilé ìfìwéránṣẹ́ ìlú wa ti di ilé aláǹgbá. Ká sòótọ́, òun náà ló ń mú mi gbé Ìbàdàn. Tí òjò bá ti ń lu páànù yàrá mi l'Ágbowó lálẹ́ Sunday, tí kò sẹ́ni tí mo lè bá jà, tí kò sẹ́ni tí mo lè bá rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ tí Dèjì kọ ni mo máa ń rántí.

Ní bí oṣù kan sẹ́yìn, Bàbá Ràfíù jẹ́ iṣẹ́ kan fún mi láti ọ̀dọ̀ Bàbá Kékeré. Ó ní ara Màámi ò yá díẹ̀, ṣùgbọ́n kò le, kí n má wulẹ̀ dààmú wá. Mo rán ògì gbígbẹ àti oògùn sí yín. Lọ́jọ́ kejì mo tẹ ọ̀rọ̀ náà sí Dèjì gẹ́gẹ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ: Màámi ń kí ọ o, ara wọn ò yá díẹ̀, ṣùgbọ́n kò le. Mo fi ránṣẹ́, mo bá iṣẹ́ mi lọ. Ẹ rí i, Màámi, ọmọ Yorùbá wo ló ń kọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí ẹni tó wà lẹ́yìn odi? Èmi alára mọ ohun tí "ara wọn ò yá díẹ̀" ń jẹ́ lẹ́nu wa. Àfi bíi pé wọ́n fi nǹkan bò mí lójú lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ilé lẹ́tà yẹn ò ṣí mọ́. Mo ṣí i títí, kọ̀ǹpútà ní òun ò rí i. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí pé gbogbo ibòmíràn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ń ṣí. Mo pe Káyọ̀dé, ọmọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ wa ṣe, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ring Road. Ó ní wáyà tẹlifóònù ni. Nígbà tí wáyà dáa, ó ní òjò ni. Nígbà tí òjò dá, ó ní bóyá kòkòrò ti wọ kọ̀ǹpútà. Màdáàmù ní tirẹ̀ gbé òróró àdúrà dé, ó fi kan orí gbogbo ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bá àwọn tí kò fẹ́ ká rọ́wọ́ mú wí. Mo ṣe àmín tọkàntọkàn. Mo tiẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ sí ibi kan tí wọ́n ti ń ṣe irú iṣẹ́ wa ní Challenge, kí n lọ sanwó ṣí àpótí mi níbẹ̀. Kò ṣí níbẹ̀ náà. Mo wá gbà pé ilé lẹ́tà yẹn ló ti kógbá sílé. Mo ń retí kí Dèjì wá ọ̀nà mìíràn kọ̀wé sí wa, mo sì ń fọkàn ara mi balẹ̀ pé ọmọ ọlọ́gbọ́n ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bẹ́ẹ̀ kọjá. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí, olùkọ́ kan láti yunifásítì wá tẹ̀wé lọ́dọ̀ wa, ó gbọ́ tí mo ń ráhùn pé ilé lẹ́tà náà ti kú. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun ka lẹ́tà tòun níbẹ̀ láàárọ̀ yẹn gan-an, ní ọ́fíìsì òun. Mo ránṣẹ́ pe Káyọ̀dé pé tí kò bá wá kíá, èmi ni màá wá bá a ní Ring Road, kò sì ní dára fún un. Nígbà tó dé, mo sọ ohun tí olùkọ́ yẹn wí. Ó wá gbé ọwọ́ lérí, ó ní Àǹtí Bọ́sẹ̀, mo gbé!

Màámi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Kọ̀ǹpútà ò mọ ilé ẹnikẹ́ni. Tí a bá pe orúkọ ibì kan fún un, á lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀nà níta kí wọ́n fún un ní nọ́ńbà ilé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní fáìlì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní họ́ọ̀sì, bí ìgbà tí ènìyàn tọ́jú àdírẹ́sì sínú àpò ara rẹ̀. Ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wò. Tó bá ti rí orúkọ náà níbẹ̀, ó parí, kò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnì kankan mọ́. Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, èmi ni mo yọ Káyọ̀dé lẹ́nu pé àpótí mi ń fà bí ìgbín kó tó ṣí. Ó ní ìbéèrè yẹn ló ń jẹ àkókò. Ó bá kọ nọ́ńbà ilé lẹ́tà náà sínú fáìlì họ́ọ̀sì, ó sì yá lóòótọ́. Mo yìn ín, mo ra mọ́ọ̀tì fún un. Orí rẹ̀ wú, ó lọ ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Challenge náà. Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Ilé lẹ́tà yẹn ti kó lọ síbòmíràn. Gbogbo ayé béèrè, wọ́n sì júwe ibi tuntun fún wọn. Ti àwa nìkan ló ń lọ kan ilẹ̀kùn ilé àtijọ́.

Ẹ rántí Àǹtí Wúrà, àbúrò yín, ọdún tí a kó kúrò nílé ìyálégbé. Wọ́n jókòó síwájú ilé tó ṣófo di ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú iṣu nílẹ̀ níwájú wọn, torí wọ́n ní àwọn mọ ilé ẹ̀gbọ́n àwọn, kí làwọn ń béèrè fún. Abèèrè kì í ṣìnà, ẹ sọ ọ́ fún wọn títí wọ́n fi bínú.

Káyọ̀dé pa ìlà yẹn rẹ́ nínú fáìlì náà, ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. Ẹ̀rọ tó ń bá wáyà tẹlifóònù sọ̀rọ̀ han goro bí ìṣe rẹ̀. Ilé lẹ́tà náà ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti òkè wá sílẹ̀. Ìgbín yẹn wá dùn ún wò lójú mi. Káyọ̀dé ń tọrọ àforíjì, n kò gbọ́ ohun tó ń sọ, nítorí pé mo ti rí bí lẹ́tà Dèjì ṣe tò jọ sínú àpótí.

Nínú àkọ́kọ́, ó béèrè pé kí ló ṣe Màámi gan-an. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, ó ní kí ló dé tí mo dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀ mí pé kí n má fi bò mọ́, òun kì í ṣe ọmọdé. Ó ní òun ò jẹun mọ́. Ó ní nígbà tí Bàbá kú, tí òun wà nílé ìwé ní Ìlọrin, bí a ṣe kọ ọ́ sí òun náà nìyẹn: ara Bàbá ò yá díẹ̀, máa bọ̀. Òun ra ọsàn àti búrẹ́dì fún aláìsàn, òun gbé e dé àgbàlá, òun sì bá àwọn ènìyàn lórí bẹ́ǹṣì. Màámi, ẹ̀yin lẹ ní ká kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ pé àánú rẹ̀ ló ṣe yín. Ọmọ náà ò gbàgbé ọsàn yẹn. Lẹ́tà tó kẹ́yìn ló ti sọ pé òun ti rí àyè nínú bàlúù.

Ojú ẹsẹ̀ ni mo fèsì. Mo ní irọ́ ni, Màámi wà láàyè, ẹ̀rọ ló bàjẹ́, kó jókòó síbi tó wà. Ìdáhùn rẹ̀ dé kí n tó kúrò níbi iṣẹ́. Ó ní ohun tí ẹ̀gbọ́n máa sọ náà ni mo sọ yẹn. Ó ní tí ẹ bá wà láàyè, kí ẹ sọ ohun tí ẹ sọ sí òun létí ní Ìwó Road lọ́jọ́ tí òun ń lọ, kí òun tó wọ mọ́tò Èkó. Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo gbé báàgì. Mo rí i tí ẹ fa orí rẹ̀ sọ́dọ̀, tí ẹ sọ nǹkan, tó rẹ́rìn-ín tó sì ń nu ojú pọ̀. Mo jowú díẹ̀, n kò sì béèrè. Ó wá fi ìbéèrè kan parí rẹ̀. Ó ní èmi náà ńkọ́, ìgbà wo ni mo fi ojú ara mi rí Màámi kẹ́yìn?

Nígbà Àjíǹde ni. Láti ìgbà yẹn, ẹnu ẹlẹ́nu ni mo fi ń gbọ́ yín. Kí n má wulẹ̀ dààmú wá. Kí ló dé tí wọ́n ní kí n má wá? Mo sáré lọ bá Bàbá Ràfíù nílé epo, mo bi í bóyá ó rí yín lójú. Ó ní rárá, ní páàkì ni Bàbá Kékeré ti pàdé òun. Ó wá ń wo ibòmíràn, ó ń sọ̀rọ̀ epo. Ó lè jẹ́ oorun ló ń kùn ún. Àná, Màdáàmù pè mí ní ọmọ mi, ó ní kí n tètè máa lọ sinmi. Ìgbà wo ni Màdáàmù ti ń pè mí ní ọmọ? Ẹ̀rù ń bà mí. Ojú gbogbo ẹni tó bá ti ṣàánú mi ni mò ń wò báyìí.

Ǹ bá ti wálé, ṣùgbọ́n tí mo bá kúrò nídìí ẹ̀rọ yìí, ta ni yóò máa bẹ Dèjì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọ̀rọ̀ yẹn, ọwọ́ tíṣà yín tí n kò lè ṣì mọ̀. Ẹ fi sínú àpò ìwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ pa, kí ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá mú un padà kí ọjọ́ Ajé tó pé. Màá tẹ̀ ẹ́ sí i bí ẹ bá ṣe kọ ọ́. Bàbá Kékeré, tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ṣí lẹ́tà yìí, mo kúnlẹ̀, ẹ má sọ fún mi pé ara wọn ò yá díẹ̀. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, kí ẹ kí Àǹtí Wúrà. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí fún wa, kó jẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ yín tú aṣọ tí Dèjì yóò rà bọ̀, kó má jẹ́ ká fi ọsàn kí ẹni tí kò sí ńlé mọ́. Mo ti sọ fún Dèjì pé mo ń béèrè ọ̀rọ̀ yẹn nítorí tirẹ̀. Ẹ dá mi lóhùn, Màámi. Kì í ṣe òun nìkan ló fẹ́ mọ̀.

Èmi ni,
Bọ́sẹ̀,
ọmọ yín.