Èso Ọ̀pẹ Tí Mo Jẹ Lọ́jọ́ Ìgbìn

Bàbá mi, ọkọ ìyá mi,

Mo ti fi ẹnu yìí borí gbogbo ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Faransé. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Òyìnbó méjì tó kàwé títí irun fi tán lórí wọn ni mo fi ọ̀rọ̀ dá dùbúlẹ̀ nínú oko wa ní Masẹ̀. Àwọn méjèèjì ṣí akẹtẹ̀ fún mi. Wọ́n gbé mi sí èjìká láti ibẹ̀ dé Àjà-Wẹ̀rẹ̀, àwọn ará ọjà sì pa ọjà tì kí wọ́n lè wá wò mí. Ní báyìí, bí mo bá ń kọjá lọ, àwọn ajá gan-an ń dìde fún mi.

Ara mi ti fúyẹ́, Bàbá. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín nìyẹn. Láti ọjọ́ tí ẹ ti fi wá sílẹ̀ ni nǹkan kan ti jókòó sí mi láyà bí ọlọ, èyí kì í sì í ṣe àsọdùn.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí a gbin ọ̀pẹ? Ẹ ṣa gbogbo èso abẹ́ ọ̀pẹ arúnfọ́ kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn ilé, èyí tí eésan rẹ̀, èèpo ekùrọ́, fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé lè fi eyín fọ́ ọ. Ẹ fẹ́ kí Ìyá mi sinmi lọ́wọ́ ọ̀pẹ pankóró, eléésan bí irin, tó ti ba àtàǹpàkò wọn jẹ́ nídìí òkúta tí wọ́n fi ń fọ́ ekùrọ́. Ẹ ń gbẹ́ ihò lọ níwájú. Ẹ fún mi ní igbá kan tó kún, ẹ ní kí n máa fi èso kọ̀ọ̀kan sínú ihò ní ìlà mẹ́ta tó wà létí odò, ẹ̀yin fúnra yín á gbin ìyókù. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Lọ́jọ́ náà, bí ẹ bá sun erin fún mi, màá jẹ ẹ́ tìwotìwo. Mo fi eyín fọ́ ọ̀kan. Ó dùn. Mẹ́fà ni mo jẹ, Bàbá, mẹ́fà péré. Mo wá ṣa èso pankóró nílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo fi dí àyè wọn, mo sì ń súfèé lọ.

Ìlà etí odò yẹn ló kọ́kọ́ so. Mo wà nílé lọ́jọ́ náà, ilé ẹ̀kọ́ Àjàṣẹ́ tí ẹ rán mi lọ ti fún wa ní ìsinmi. Ẹ gé ìdì ẹyìn àkọ́kọ́, ẹ fi òkúta lu ekùrọ́ kan, kò fọ́. Ẹ tún un lù, kò fọ́. Ẹ jókòó lórí imọ̀ ọ̀pẹ, ẹ ń yí i lọ́wọ́ bí ẹ ti máa ń yí fìlà yín bí ọ̀rọ̀ bá rú yín lójú. Ẹ ò sọ nǹkan kan fún mi. Èmi náà ò sọ nǹkan kan fún yín. Ọyẹ́ ọdún yẹn ni ibà mú yín lọ.

Kí lẹ ń rò lórí imọ̀ yẹn? Ṣé ẹ rò pé ọwọ́ yín ni ò dáa? Àbí ojú mi lẹ ń wò?

Ẹ gbọ́ ohun tó wá ṣẹlẹ̀ lóṣù tó kọjá. Òyìnbó méjì dé pẹ̀lú ìwé àṣẹ Kòmáńdà, òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè wa, wọ́n ń wá ọ̀pẹ arúnfọ́ kiri. Ọ̀kan ti dàgbà, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun bí òwú. Ìkejì kéré, oòrùn ti sọ imú rẹ̀ di pupa bí ẹyìn. Inú rírun ti dá ògbufọ̀ wọn dúró sí Àjà-Wẹ̀rẹ̀, ni mo bá bọ́ síwájú, mo ní Faransé tí mo kó ní ìgboro Àjàṣẹ́ dáa ju ti Kòmáńdà fúnra rẹ̀ lọ. Ìyá mi gbé àpótí fún wọn láti jókòó. Wọn ò tíì jókòó tán tí wọ́n fi kọ lu ara wọn.

Bí onírúurú igi àti ẹranko ṣe wáyé ni wọ́n ń jà lé lórí. Baba onírùngbọ̀n ní ohun tí ìṣẹ́ tàbí ìtọ́jú bá ṣe sí ara òbí, ọmọ á gbé e wáyé. Ọmọ Faransé àtijọ́ kan ló ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní eérú àti omi tí à ń dà sí ẹ̀yìnkùlé ló sọ eésan arúnfọ́ di fẹ́lẹ́, tí igi náà sì fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Onímú-pupa ní rárá. Ó ní ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó ti kú ló rí i: àwọn ọmọ kì í dọ́gba láti inú wá, èyí tó bá rọ́nà yè ló ń bí tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìran ṣe ń yí padà díẹ̀díẹ̀ títí á fi di nǹkan mìíràn. Ó ní nínú igbó, eku á jẹ eléésan fẹ́lẹ́, pankóró á ṣẹ́ kù. Nítòsí ilé, èèyàn á dáàbò bo arúnfọ́. Ó tilẹ̀ ní àwa àti ọ̀bọ, ìran kan náà la ti ya.

Mo túmọ̀ ìyẹn fún Ìyá mi. Wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

“Sọ fún un pé mo ti mọ̀ tipẹ́. Inú ilé mi ni ọ̀kan ń gbé.”

Ibẹ̀ ni mo ti yọ idà mi. Mo fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Mo ní, “Músé, ẹ wo ilà yìí. Bàbá mi kọ ọ́, bàbá wọn kọ ọ́, bàbá bàbá wọn náà kọ ọ́. Bí ohun tí a ṣe sí ara òbí bá ń bá ọmọ wáyé, kí ló dé tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi fi dán bí ìdí àwo lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi? Kí ló dé tí wọ́n fi ní láti dì mí mọ́lẹ̀?”

Onímú-pupa pàtẹ́wọ́. Baba onírùngbọ̀n fọwọ́ pa ilà mi lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, “Awọ ara yàtọ̀ sí eésan. Ẹ jẹ́ ká bi igi léèrè.”

Ìyá mi ti sọ fún wọn pé ara igi kan ṣoṣo lẹ ti mú gbogbo oko náà jáde. Baba ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, arúnfọ́ ni gbogbo rẹ̀ máa jẹ́. Onímú-pupa ní á lú pọ̀ ni, torí afẹ́fẹ́ ti gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó akọ wá láti ara pankóró inú igbó, ọmọ kì í sì í mú ti ìyá rẹ̀ nìkan. Wọ́n ní ká gé ẹyìn láti ara igi kọ̀ọ̀kan. Ni wọ́n bá mú ọ̀nà etí odò pọ̀n.

Ìlà mi ni wọ́n ń lọ gé. Bí mo bá dákẹ́, àwọn èèyàn yìí á gbé olè jíjà mi dé Faransé, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé pé bí igi ṣe ń bímọ nìyẹn. Bí mo bá sì sọ̀rọ̀, Ìyá mi dúró níbẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò wọn tó ti wọ́.

Mo kọ́kọ́ fi Faransé jẹ́wọ́, bóyá Ọlọ́run á jẹ́ kó mọ síbẹ̀. Onímú-pupa bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìwọ gan-an ni eku tí mo ń wí!”

“Kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín?” Ìyá mi ló bèèrè.

“Kò sí nǹkan, Ìyá.”

“Ìwọ ọmọ yìí.”

Mo kúnlẹ̀, mo fi èdè wa sọ ọ́. Ìyá mi ò lù mí. Ojú ọ̀nà odò ni wọ́n ń wò. Èyí burú ju ẹgba lọ.

Onímú-pupa ní ká fi ìlà mi sílẹ̀, ká lọ sí tiyín. Ọdún yìí ni tiyín kọ́kọ́ so, a ò sì tíì gé ọ̀kankan. A gé ti igi kìíní: arúnfọ́. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. A gé ti ìkejì: pankóró. Ìkẹta, pankóró. Ìkẹrin, arúnfọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ń lú pọ̀ lọ títí dé òpin oko, nínú ìlà tí ẹ fi ọwọ́ ara yín gbìn, tí eyín ẹnikẹ́ni ò kàn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀. Ká ní mi ò jẹ ẹyọ kan, pankóró ì bá ṣì yọ!

Ìyá mi wá sọ̀rọ̀. “Bàbá rẹ ò bínú lọ́jọ́ tí ekùrọ́ etí odò ò fọ́. Ẹ̀rín ni wọ́n rín wọlé. Wọ́n ní, ‘Èmi àti ìwọ, èèyàn jẹ́jẹ́ ni wá, wo irú jàǹdùkú tí a bí. Kí ló dé tí arúnfọ́ ò ní bí pankóró?’”

Mo túmọ̀ rẹ̀. Baba onírùngbọ̀n ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ó ṣì ní bóyá ilẹ̀ oko ò bára mu ni. Onímú-pupa ní àwáwí ni. Wọ́n ń jà lọ títí wọ́n fi kọjá kọ̀rọ̀ ọ̀nà, a ṣì ń gbọ́ ohùn wọn.

Ṣé ẹ mọ̀ pé èmi ni, Bàbá, lọ́jọ́ tí ẹ rín ẹ̀rín yẹn? Mi ò ní mọ̀ láé. Ó ti tó mi pé ẹ rín in.

Ìyá mi ti gbé òkúta wọn fún mi. Èmi ni mò ń fọ́ gbogbo pankóró inú oko báyìí, àtàǹpàkò mi sì ti wú tó orí ọmọ tuntun. Wọ́n ti ṣa èso arúnfọ́ ìlà yín láti gbin oko mìíràn. Àwọn fúnra wọn ló gbé igbá.

Ó dáa, ẹ mọ̀ mí. Kò sẹ́ni tó gbé mi sí èjìká. Baba onírùngbọ̀n nìkan ló ṣí akẹtẹ̀, òógùn ló ń nù. Àwọn ajá ò dìde. Ọ̀rọ̀ ilà ojú, Ìyá mi ló sọ ọ́ láti orí ìjókòó wọn. Mo túmọ̀ rẹ̀, mo sì gbàgbé láti sọ ẹni tó ni ín. Mo sì tún ní mẹ́fà ni mo jẹ lọ́jọ́ yẹn.

Bàbá, mẹ́rìnlá ni. Gbogbo wọn ló dùn.

Èmi ni, eku ilé yín, tó fẹ́ràn yín.