Àwọn Ọmọ Ogun inú Ẹ̀jẹ̀ Chérifatou

Abúlé wa lọ́nà Pouytenga, oṣù kẹta, ọdún 1997

Aboubacar, ọmọ mi ọkùnrin,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí gbogbo ará àdúgbò Cissin tí ó ń ṣe yín lóore. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí eruku àdúgbò yín di oúnjẹ yín. Ara èmi àti ìyá rẹ le. Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ Chérifatou ni mo fi mú kálámù.

O mọ̀ pé láti ọdún tó kọjá ni ojú rẹ̀ ti ń ṣẹ́, tí èjìká rẹ̀ sì ń fò sókè, láìjẹ́ pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Súbérù tí ń ta táyà rò pé òun ni ó ń ṣẹ́jú sí, ó sì rán àwọn àgbà wá pẹ̀lú obì láti fi tọrọ rẹ̀. Mo ṣàlàyé pé ọmọ yìí ń ṣẹ́jú sí ewúrẹ́ wa pẹ̀lú. Wọ́n ní kò burú, ọkọ rẹ̀ yóò sin ewúrẹ́ fún un.

Ní oṣù tó kọjá, apá ọ̀tún rẹ̀ rọ lójijì nídìí kànga, ẹnu rẹ̀ sì wọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, wàrápá gbé e ṣánlẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ìyálé ilé Súbérù wá gba obì wọn padà, ó ní wàrápá yóò ti inú itọ́ ọmọ náà ran àwọn. Láti ìgbà náà, inú àwo kan náà ni èmi àti Chérifatou ti ń jẹun, ní ojúde, kí gbogbo ènìyàn lè rí wa.

Mo gbé e lọ bá dókítà ní Pouytenga, ó sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó ní ó jọ pé ìdí kan ṣoṣo ni ojú tí ń ṣẹ́, apá tí ó rọ àti wàrápá náà ní: àwọn ọmọ ogun tí ń ṣọ́ ara rẹ̀ ti kọjú ìjà sí i, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wá ń dì, ó sì ń dínà nínú ọpọlọ. Mo dìde, mo ti ilẹ̀kùn, nítorí pé a kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sókè nípa ọmọ ogun lórílẹ̀-èdè yìí. Mo rọra bi í pé ta ni ọ̀gá wọn, kí n lè gbé adìyẹ méjì lọ bá a. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí n fi adìyẹ sílẹ̀, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ni kí n wá. Ọ̀dọ̀ yín ní Ouagadougou ni ó wà, wọn yóò sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lóṣooṣù.

Nítorí náà, èmi àti òun ń bọ̀ nínú ọkọ̀ ọjọ́ Ajé. Bí yàrá yín kò bá gbà wá, a ó sùn sí àgbàlá. Jọ̀wọ́, wá owó oògùn oṣù kìíní sílẹ̀, èmi yóò ta kẹ̀kẹ́ mi fún ti èkejì.

Mo bi dókítà pé títí di ìgbà wo ni yóò máa lo oògùn náà, ó ní títí ayé rẹ̀ ni. Nígbà tí mo délé sọ ọ́, ìyá rẹ bú sẹ́kún, ṣùgbọ́n inú tèmi dùn, nítorí pé láti ọjọ́ tí apá ọmọ náà ti rọ, kò tíì sí ẹnìkan tí ó bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọmọ náà ṣì ní ayé tí yóò lò. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí èmi àti ìwọ máa ra oògùn yìí títí irun orí rẹ̀ yóò fi funfun.

Èmi bàbá rẹ,
Àyìndé